Láti Mọ̀díná sí Hegra láàárín ọjọ́ mẹ́ta: ìtọ́sọ́nà fún ará Òṣogbo tó ń lọ Ùmúrà

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní Òṣogbo, pàápàá bí ìgbà Ùmúrà bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ óò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn: èló ni wọ́n ń gbà báyìí, hòtẹ́ẹ̀lì wo ló sún mọ́ Haram, ta ló ń bá wa ṣe ìwé. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè pé, bí mo bá ti ṣe Ùmúrà mi tán, tí mo ti kí Ànábì ní Mọ̀díná, ṣé mo lè fi òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ wo ìlú àtijọ́ tó wà nínú aṣálẹ̀ lókè ibẹ̀? Ẹ lè lọ. Èmi àti ìyá mi lọ, àwa àti àwọn mẹ́rin mìíràn tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò kan, ará Òṣogbo ni gbogbo wa. Ọkàn mi ṣì ń padà síbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ wa tí kò yẹ kó bọ́, gbogbo wọn ló sì jẹ́ ohun tí à bá ti yanjú nílé kí a tó gbéra. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

Hegra ni orúkọ tí ayé ń pè é báyìí. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní Al-Hijr tàbí Madain Salih, ìyẹn ni pé àwọn ìlú Ànábì Sálíù. Ó wà nítòsí ìlú Al-Ula, ní ìhà àríwá Mọ̀díná, ó sì lé ní 300 kìlómítà sí i. Ìyẹn ju Òṣogbo sí Èkó lọ dáadáa. Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ìlú pàtàkì àwọn èèyàn tí wọ́n ń pè ní Nabataean ni. Petra tó wà ní Jọ́dánì ni olú ìlú wọn. Òwò tùràrí àti òjíá ló sọ wọ́n di olówó: ràkúnmí ló ń kó o láti gúúsù ilẹ̀ Lárúbáwá, ó ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá lọ sí ọjà àwọn ará Róòmù. Ibi tí wọ́n sin òkú wọn sí ni èèyàn ń lọ wò jù: ibojì 111 tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, tí wọ́n sì fín ọnà sí ojú 94 nínú wọn. UNESCO kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2008, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Sáúdí. Igbó Ọ̀ṣun ìlú wa ti wọ ìwé kan náà láti 2005, nítorí náà ará Òṣogbo kì í ṣe àjèjì sí ibi tí wọ́n ti ń sọ fún èèyàn pé kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn

Mùsùlùmí ni àwa tí a fẹ́ gba ọ̀nà yìí lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó nira jù. Al-Hijr wà nínú Àlùkùránì. Òun ni wọ́n fi sọ orí 15 lórúkọ. Ibẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ ìjọ Thamud tí Ọlọ́hun rán Ànábì Sálíù sí, àwọn tó ń gbẹ́ ilé sínú òkè, tí wọ́n sì pa abo ràkúnmí tó jẹ́ àmì fún wọn. Nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń lọ sí Tabuk ní ọdún 9 Hijrah, ó gba ibẹ̀ kọjá. Ó wà nínú hadith tí Bukhari gbà wá pé ó ní kí àwọn tó tẹ̀ lé òun má wọ ibùgbé àwọn alábòsí wọ̀nyí àfi tí wọ́n bá ń sunkún. Ó bo orí rẹ̀, ó sì yára kọjá. Ó tún ní kí wọ́n da omi tí wọ́n ti pọn nínú kànga ibẹ̀ nù, kí wọ́n sì kó ìyẹ̀fun tí wọ́n ti fi omi náà pò fún ràkúnmí jẹ.

Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn sọ pé àwọn ojú ilé tí a ń rí nínú àpáta lónìí, ibojì àwọn Nabataean ni, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìwé wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú orúkọ olówó rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Èmi gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́kàn dé ibẹ̀. Àwọn àfáà kan wà tí wọ́n ní kí èèyàn má lọ rárá bó bá jẹ́ pé ìgbafẹ́ ló ń wá. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá lọ fi ṣe àríkọ́gbọ́n, tó sì ń bẹ̀rù Ọlọ́hun, kò ṣẹ̀. Ẹ bi àfáà yín ní Òṣogbo, ní ìjókòó, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Láàárín wa, àgbà Àlàájì kan kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Al-Ula. Alẹ́ ọjọ́ tí a dé ló ní ọkàn òun kò gbà á. A kò bá a jiyàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọgbó, ó sì jókòó sí yàrá ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó jẹ́ pé bó bá ti sọ ọ́ nílé, à bá ti ra ti Dadan àti Jabal Ikmah fún un. Ibi àtijọ́ mìíràn nítòsí Al-Ula ni méjèèjì, wọn kò sí nínú Hegra.

Ìwé ìrìnnà

Tẹ́lẹ̀, Mẹ́kà, Mọ̀díná àti Jẹ́dà nìkan ni ẹni tó ní físà Ùmúrà lè dé. Ìjọba Sáúdí ti ṣí i sílẹ̀: ẹ lè rìn káàkiri orílẹ̀-èdè wọn níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ físà kò bá tíì pé. Físà Hájì kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi dán an wò. Òfin físà sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ ní kí ejẹ́ǹtì yín tún un wò ní oṣù tí ẹ fẹ́ lọ gan-an.

Kì í ṣe físà ló ń ká èèyàn lọ́wọ́ kò, ìwé ìrìnnà ni. Bí ẹgbẹ́ bá ti dé, ejẹ́ǹtì tàbí hòtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń kó ìwé ìrìnnà gbogbo èèyàn pamọ́ kó má baà sọnù. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ kò lè wọ yàrá ní Al-Ula láìsí i, wọ́n sì lè dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n béèrè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọ àdéhùn láti Òṣogbo: ní ọjọ́ Àlàmísì, ìwé ìrìnnà yín yóò ti wà lọ́wọ́ yín. Tiwa, ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlàásárì ti kọjá ká tó kúrò ní Mọ̀díná, òru la fi rin ọ̀nà tó yẹ ká fi ojúmọmọ rìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ tẹ bíréèkì gìrì nítorí ràkúnmí tó dúró sí àárín títì. Ẹni tó bá ti rí bí ràkúnmí ṣe ga tó nínú iná mọ́tò yóò mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Ọjọ́ àti àkókò

Jímọ̀ àti Àbámẹ́ta ni òpin ọ̀sẹ̀ ní Sáúdí láti 2013. Ẹ kírun Jímọ̀ ní Mọ́sálásí Ànábì, kí ẹ gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ óò dé Al-Ula láàárín wákàtí mẹ́rin tàbí díẹ̀ sí i. Àbámẹ́ta ni ti Hegra. Ní Àìkú, ẹ padà.

Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ óò wọ Rawdah, inú Mọ́sálásí Ànábì, dáadáa o! Orí áàpù Nusuk ni wọ́n ti ń gba àyè rẹ̀, wákàtí tí wọ́n bá sì fún yín kò ṣeé sún bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ti Rawdah tán ná, kí ẹ tó mú ọjọ́ Hegra. Ẹ má sì fi ìrìn àjò yìí sí ẹ̀yìn gan-an: kí ọjọ́ méjì ó kéré tán wà láàárín ìgbà tí ẹ bá padà sí Mọ̀díná àti ọjọ́ tí bàálù yín yóò gbéra.

Láti Òktóbà sí Máàsì ni ìgbà tó dára. Nígbà ooru wọn, oòrùn ibẹ̀ máa ń kọjá dígírì 40, kò sì sí igi tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀. Ní Dìsẹ́ḿbà àti Jánúárì, ọ̀sán dára, àmọ́ òtútù òru yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọdé ni ọyẹ́ ilé wa.

Tíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ àti ibùsùn

Ẹ kò lè wa mọ́tò yín wọ Hegra. Bọ́ọ̀sì wọn ni ẹ óò wọ̀, ó ní wákàtí, orí ìkànnì Experience AlUla ni ẹ sì ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ẹ má gbọ́kàn lé pé ẹ óò rà á lẹ́nu ọ̀nà. Káàdì bánkì wa láti Nàìjíríà lè kọ̀ láti san án. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ìlú òyìnbó ló bá wa rà á. Ẹ mú àyè àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ara àgbàlagbà ṣì fúyẹ́.

Bọ́ọ̀sì ń lọ láti Mọ̀díná sí Al-Ula, àmọ́ bí ẹ bá tó mẹ́fà, ó sàn kí ẹ jọ háyà ọkọ̀ ńlá kan pẹ̀lú awakọ̀ fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà àárín ibi kan sí èkejì ní Al-Ula jìn, ẹni tí kò ní ọkọ̀ yóò fi ìdajì ọjọ́ dúró. Ẹ bá awakọ̀ sọ iye owó tó jẹ́ tiyín, kí ẹ béèrè bóyá epo àti ibùsùn òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ibùsùn ló wọ́n jù. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì inú àpáta tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tiwa. Ẹ wá ilé tí wọ́n ń háyà nínú ìlú Al-Ula, yàrá méjì, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀. Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ wò ó bóyá kò bọ́ sí ìgbà àjọ̀dún ìgbà òtútù wọn, nítorí owó yàrá máa ń fò sókè nígbà náà.

Ẹ dá àjọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má da owó Hegra pọ̀ mọ́ owó Ùmúrà, nítorí bí owó Ùmúrà bá lé sí i lójijì, bó ṣe máa ń ṣe, inú owó kejì ni ẹ óò ti mú un. Àwa mẹ́fà dá tiwa fún oṣù mẹ́jọ.

Ẹrù

Báàgì kékeré kan péré. Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà, nítorí yanrìn ibẹ̀ gbóná lọ́sàn-án, òkúta sì wà nínú rẹ̀. Aṣọ òtútù fún òru. Ìborùn tàbí láwàní tí ẹ lè fi bo imú bí atẹ́gùn bá gbé eruku. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, kí ó wà lára yín, kí ó má wà nínú ọkọ̀. Bátìrì tí a fi ń gba iná sí fóònù. Riyal lọ́wọ́ fún oúnjẹ. Gààrí àti kúlíkúlí, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Alẹ́ tí a dé, ibi gbogbo tí a mọ̀ ti pa ilẹ̀kùn, gààrí Ìjẹ̀bú tí ìyá mi dì sínú ọ̀rá ló gbà wá.

Omi mímu, ìgò ńlá méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹ ti ṣe àlùwàlá kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì.

Àbámẹ́ta: bí a ṣe ń wo ibojì

Ẹni tó ń mú yín rìn, ráwì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé apìtàn. Bọ́ọ̀sì yóò máa dúró níbì kọ̀ọ̀kan, ẹ óò sọ̀ kalẹ̀, ẹ óò tún wọlé. Ìrìn rẹ̀ kò pọ̀. Ìyá mi lé ní 70 ọdún, ó sì rìn ín tán.

Ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ sì padà. Bí ẹ bá dúró níwájú ibojì kan, ẹ kọ́kọ́ wo òkè rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ óò rí àtẹ̀gùn márùn-ún tó gùn sí ọ̀tún, márùn-ún tó gùn sí òsì, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra. Ẹ wá sọ ojú kalẹ̀ díẹ̀: ẹyẹ idì wà lókè ilẹ̀kùn mìíràn, wọ́n sì ti gé orí rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara àpáta níbi tí oòrùn ti kàn án láti ẹ̀gbẹ́. Ojú àáké àti ṣísẹ́lì hàn, ìlà tínínrín tínínrín tó dẹ̀gbẹ́, kò sí èyí tó dá èkejì kọjá. Ìyá mi ti pa aró fún ohun tó lé ní 40 ọdún ní Òṣogbo. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó wá ní, "Wo bí ọwọ́ ẹni yìí ṣe balẹ̀. Bí ìyẹ́ adìyẹ lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló rí." Láti ìgbà náà ni mo ti rí i bẹ́ẹ̀.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni Qasr al-Farid, àpáta kan ṣoṣo tó dá dúró láàárín yanrìn, ó ga tó nǹkan bíi mítà 22. Ẹ rìn sún mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òkè rẹ̀ dán mọ́rán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí gbákungbàkun, wọn kò parí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: láti òkè ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ bọ̀ wá sílẹ̀. Kò sí àtúnṣe fún àṣìṣe, ohun tí ọwọ́ bá ti gé kúrò lára àpáta, ó lọ nìyẹn.

Ẹ bẹ ráwì kó ka ìwé tó wà lókè ilẹ̀kùn fún yín. Orúkọ ẹni tó ni ibojì ló máa ń wà níbẹ̀, obìnrin ló sì ni àwọn kan nínú wọn, fún ara wọn àti àwọn ọmọ wọn. Wọ́n á wá fi ègún tì í: ẹni tó bá tà á, tàbí tó sin òkú àjèjì sínú rẹ̀, ìbínú òrìṣà wọn Dushara lórí rẹ̀, yóò sì san ìtanràn. Mo sọ fún àwọn tí a jọ lọ pé ààlè nìyẹn. Bí èèyàn ṣe ń pa ààlè sí ẹnu oko nílé wa náà ni wọ́n pa á, lórí òkúta. Àwọn onímọ̀ sì sọ pé inú ọ̀nà ìkọ̀wé Nabataean yìí ni ìkọ̀wé Lárúbáwá tí a fi ń ka Àlùkùránì ti jáde. Nígbà tí ráwì sọ èyí, olúkúlùkù tún yíjú padà sí ara ògiri.

Ní Jabal Ithlib, òkè kan nínú Hegra, ẹ óò rí yàrá tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè, tí ìjókòó yí i ká ní ọ̀nà mẹ́ta. Ilé ọkọ̀ ojú irin kan tún wà ní Hegra, ti Hejaz tó gba Damásíkù wá, tó sì dé Mọ̀díná ní 1908. Ojú irin tiwa dé Òṣogbo ní 1907. Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn. Tiwọn sì ti dákẹ́ tipẹ́.

Ìwà tó yẹ: ẹ má gun ibojì, ẹ má wọ inú èyí tí ráwì kò bá ní kí ẹ wọ̀, ẹ má fi orúkọ yín há àpáta. Ẹ má ṣa òkúta tàbí àfọ́kù ìkòkò, bó ti wù kó kéré tó. Òfin Sáúdí kò gbà kí èèyàn kó ohun àtijọ́. Ìyá mi kò ya fọ́tò kankan. Ó rọra bo orí rẹ̀ wá síwájú, ètè rẹ̀ ń mì, èmi náà kò sì gbé fóònù mi sókè níbi tí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Àìlá àti Àlàásárì, tí arìnrìn-àjò lè pa pọ̀ kó sì gé kúrú, ẹ lọ sí Dadan. Ibojì oníkìnnìún wà lókè ògiri àpáta níbẹ̀, ó ti pẹ́ ju ti Hegra lọ. Jabal Ikmah kò jìnnà sí i, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé àtijọ́ ló wà lára òkúta rẹ̀, UNESCO sì fi í sínú àkọsílẹ̀ Ìrántí Àgbáyé ní 2023. Àgbà Àlàájì wa tẹ̀ lé wa lọ síbẹ̀, òun ló sì pẹ́ jù níwájú àwọn ìwé náà. Bí oòrùn bá ń wọ̀, ẹ wà ní Jabal AlFil, àpáta tó rí bí erin tó ń fi ọwọ́ ìjà rẹ̀ mumi. Ó ga tó mítà 52, ẹ kò sì nílò ráwì níbẹ̀.

Àìkú

Àárọ̀ kùtù, ẹ rìn gba ìlú àtijọ́ Al-Ula kọjá, àwọn ilé amọ̀ àti òkúta tó fara tira tí èèyàn ṣì ń gbé títí di àwọn ọdún 1980. Wákàtí kan tó o. Ẹ jẹun, ẹ ra dàbínù bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ gbéra kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ óò bá ìrun Àlàásárì ní Mọ̀díná, ojú ọ̀nà yóò sì mọ́lẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ dá ìwé ìrìnnà padà fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ sí fóònù kí ẹ tó fi í lélẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ wọ ọkọ̀ ní Al-Ula, ìyá mi ní ká dúró. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó gbọn yanrìn pupa inú wọn sílẹ̀, ó tún fi ọwọ́ nu inú rẹ̀ kó lè dá a lójú pé kò kù. Ó ní òun kò fẹ́ gbé nǹkan wọn dé Òṣogbo.